Ìbéèrè Òwúrọ̀ Tí Bagádátà Gbé Mì

Bí ẹnì kan bá sọ fún yín pé òun ò purọ́ rí láyé òun, ẹ má tíì kí i kú iṣẹ́. Ẹ kọ́kọ́ bi í léèrè iye ohun tó ti dákẹ́ lé lórí.

Bagádátà ará Séléyà ò purọ́ rí. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ìlú ṣe mọ̀ ọ́n, bẹ́ẹ̀ lòun náà ṣe mọ ara rẹ̀. Bàbá rẹ̀ kọ́ ọ ní nǹkan mẹ́ta tí gbogbo bàbá nílẹ̀ Páṣíà ń kọ́ ọmọkùnrin wọn: ẹṣin gígùn, ọfà títa, òtítọ́ sísọ. Orúnkún dídùn ti gba ẹṣin lọ́wọ́ rẹ̀, ojú tó ń ṣe bàìbàì ti gba ọfà. Òtítọ́ nìkan ló kù tó fi ń yangàn, ó sì ń yangàn náà gan-an, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe rí.

Ohun kejì tó fi ń yangàn ni ọgbà rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ló mọ odi yí i ká, tó la omi sínú rẹ̀, tó gbin ọ̀pọ̀tọ́ àti àjàrà sí i. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó gbin igi ti gbàdúrà. Lọ́jọ́ tí wọ́n bí Wísítánà, ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí Bagádátà bí, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi gbin igi pómégíránétì kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú omi. Igi náà àti ọmọ náà jọ dàgbà ni. Lẹ́yìn ọgbà ni àká ọkà báálì wà, mẹ́rin, wọ́n kún dé ẹnu, èyí tó wà lóko sì ti ń pọ́n.

Ìgbà tí ọkà ń pọ́n yẹn gan-an ni ọba Masedóníà, ọmọ tí irùngbọ̀n rẹ̀ ò tíì kún, kó ogun sọdá òkun wá bá wa. Ajẹ́lẹ̀ tí Ọba Àwọn Ọba, ọba Páṣíà, fi sí agbègbè wa pe gbogbo olóyè ẹlẹ́ṣin jọ láti gbèrò. Ilé Bagádátà ni gbọ̀ngàn ti tóbi jù, ibẹ̀ ni wọ́n jókòó sí láti ọ̀sán. Ọtí àjàrà ń lọ, ó ń bọ̀. Kákíṣì, agbọ́tí ilé náà, ò ráyè jókòó.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀mùtí ni wá o. A kì í gbèrò ọ̀ràn ńlá láìmu ọtí, nítorí ọtí máa ń tú ohun tó wà nínú èèyàn síta. Ṣùgbọ́n a kì í fi ohun tí ọtí bá tú síta ṣòfin bẹ́ẹ̀. Bílẹ̀ bá mọ́, onílé tí wọ́n mutí nílé rẹ̀ á bọ́jú, á dìde láàárín wọn, á ní, "Lánàá, pẹ̀lú ọtí lójú, báyìí lẹ wí. Lónìí tójú ti là, ṣé bẹ́ẹ̀ náà lẹ ṣì wí?" Bí wọ́n bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ó di òfin. Bí wọ́n bá ní rárá, ọtí ló sọ̀rọ̀, wọ́n á dà á nù. Onílé nìkan ló lẹ́nu láti bi ìbéèrè òwúrọ̀ yìí, Ajẹ́lẹ̀ gan-an ò gbọ́dọ̀ gbà á lẹ́nu rẹ̀. Bí onílé ò bá sì béèrè, ohun tí ọtí wí náà ló dúró.

Ọ̀gá kan nínú àwọn ọmọ ogun alágbàṣe, Timágórà lorúkọ rẹ̀, Gíríìkì tó ti jẹ oúnjẹ Páṣíà fún ogún ọdún, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Oúnjẹ ọgbọ̀n ọjọ́ péré lọmọ yẹn kó sọdá òkun," ó ní. "Gbèsè ló fi ń jagun. Ẹ má bá a jà. Ẹ jó ọkà oko, ẹ jó koríko, ẹ jó àká. Bó bá gbà bẹ́ẹ̀, ẹ jólé. Ká máa fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Kí oṣù yìí tó parí, ebi á lé e padà sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀."

Ẹ̀rín bú nínú gbọ̀ngàn.

"Ẹ gbọ́ alágbàṣe!" Ajẹ́lẹ̀ na ife sí i. "Ó fẹ́ kí ogun pẹ́ kí owó oṣù lè pẹ́."

"Owó oṣù wo, Olóyè?" Timágórà náà ń rẹ́rìn-ín. "Oṣù kẹrin rèé táwọn ọmọ mi ti gbowó gbẹ̀yìn. Ẹ ń gba owó òde lọ́wọ́ àwọn ará etíkun débi pé wọ́n ń retí ọ̀tá bí ẹni ń retí àna. Ẹ wá kó gbogbo rẹ̀ lọ sí Ṣúṣánì, ìlú Ọba, ẹ yọ́ ọ sínú ìkòkò, ẹ dé e pa. Wúrà inú ìkòkò kì í gun ẹṣin o!"

"Pa ẹnu ẹ mọ́ níbẹ̀!" olóyè kan pariwo. "Ta ló bi ọ́ léèrè wúrà Ọba?"

Ajẹ́lẹ̀ dìde, ọtí ń dà sílẹ̀ nínú ife rẹ̀. "Níwọ̀n ìgbà tí mo bá wà lórí oyè yìí, ilé kan ṣoṣo ò ní jóná lágbègbè mi nítorí ọmọdé. Ọmọ Páṣíà kì í jó igi tí bàbá rẹ̀ gbìn. Odò Gíráníkù la ó ti pàdé rẹ̀. Àwa ẹlẹ́ṣin la ó wà níwájú. Káwọn alágbàṣe lọ dúró lórí òkè, kí wọ́n máa wòran."

Ariwo sọ. Wọ́n ń lu tábìlì, wọ́n ń bu ọtí. Bagádátà náà lu tábìlì. Àmọ́ ó mọ̀ nínú ọkàn rẹ̀ pé òótọ́ ni Gíríìkì yẹn ń sọ. Àgbẹ̀ ni, ó mọ ohun tí ẹṣin kan ń jẹ lóòjọ́, ó sì mọ bí ẹṣin ṣe ń rí lọ́jọ́ kẹta tí kò bá jẹ ẹ́. Iná kan ṣoṣo lẹ́yìn ọgbà rẹ̀, ogun yẹn á padà sílé. Iná kan náà yẹn ni yóò sì jó ọgbà náà, nítorí odi kan ló pa á pọ̀ mọ́ àká.

Nígbà tí wọ́n ń tú ká, Wísítánà mú bàbá rẹ̀ lápá kó lè dìde. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni, ìyàwó rẹ̀ Amásítírì sì wà nínú oyún.

"Bàbá, òótọ́ ni Timágórà ń sọ o," ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ọtí ló ń da àwọn wọ̀nyí láàmú. Ẹ ṣáà béèrè lọ́la. Tójú wọn bá là, wọ́n á gbọ́n."

Bagádátà gbá a lẹ́yìn pẹ́pẹ́. Kò ní òun á béèrè, kò ní òun ò ní béèrè. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó lọ bá àwọn ẹṣin rẹ̀.

Ní ìdájí, Bagádátà rìn wọ inú ọgbà. Ìrì ṣì wà lára ewé. Igi Wísítánà ti tanná, ó pọ́n ròdòròdò. Ó fọwọ́ kan ìtì rẹ̀. Ó rò ó pé bóyá kí òun jó àká mẹ́rin kí òun sì fi ọgbà sílẹ̀. Ó wo afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ láti ẹ̀yìn àká wá, ó mọ̀ pé kò ṣe é ṣe. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, bí èèyàn ṣe máa ń bá ara rẹ̀ sọ ọ́ nígbà tó bá ti mọ ohun tó máa ṣe. Ó ní àwọn ẹlẹ́ṣin wa pọ̀. Ó ní ọmọdé lásán ni ọba yẹn. Ó ní bí òun bá tiẹ̀ béèrè, wọn ò ní yí i padà. Háà, ọmọ èèyàn! Bí wọn ò bá ní yí i padà, kí ló ń bà á lẹ́rù nínú bíbéèrè?

Ìgbà tó padà wọ gbọ̀ngàn, àwọn olóyè ti ń wọ bàtà, orí ń fọ́ wọn, wọ́n ń kígbe sáwọn ẹmẹ̀wà wọn. Kákíṣì dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àwo omi tí onílé fi ń bọ́jú kó tó béèrè. Bagádátà fọwọ́ bomi, ó bọ́jú. Kákíṣì ò kúrò níwájú rẹ̀, ó ń dúró.

Timágórà ló sún mọ́ ọn. "Bàbá, mo gbọ́ pé ẹ ní ìbéèrè kan tẹ́ ẹ máa ń bi láàárọ̀."

"Àṣà onílé nìyẹn," Bagádátà dá a lóhùn. "Kì í ṣe ti àlejò."

"Ìdí tí mo fi ń wo ojú onílé nìyẹn."

Ajẹ́lẹ̀ ti di ìgbànú rẹ̀ tán. Ó yíjú sí Bagádátà. Kì í ṣe pé ó gbàgbé àṣà, ó rántí, ó sì dúró. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé ọkùnrin yẹn dúró. Ọtí ti kúrò lójú rẹ̀, ó sì jọ ẹni tí ohun tó sọ lánàá ò fi bẹ́ẹ̀ dùn mọ́ ọn mọ́.

"Bagádátà, ṣé ó ku nǹkan kan ká tó gun ẹṣin?"

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọjà rèé, orí ọmọ rèé, àgbà náà rèé. Bí ó bá ní "Kò sí," irọ́ ni, Bagádátà kì í sì í purọ́. Ó tẹrí ba.

"Búrẹ́dì ti jinná, Olóyè," ó ní. "Ẹ jẹun kẹ́ ẹ tó máa lọ."

Wọ́n jẹun. Wọ́n gun ẹṣin. Wísítánà ti bá àwọn tó kọ́kọ́ jáde lọ, kò sí nínú gbọ̀ngàn rárá, ó kàn juwọ́ sí bàbá rẹ̀ láti ojú ọ̀nà ni.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ létí odò Gíráníkù ò ṣòro láti sọ, ó kàn ń dunni láti sọ ni. Wọ́n to ẹṣin sí bèbè odò níbi tí ẹsẹ̀ ẹṣin ò ti ráyè sáré. Ẹlẹ́ṣin tí kò ráyè sáré, kí ló kù tó fi sàn ju ẹlẹ́sẹ̀ lọ? Àwọn alágbàṣe tó mọ ìjà ẹsẹ̀ wà lórí òkè, wọ́n ń wòran bí Ajẹ́lẹ̀ ṣe pàṣẹ. Nígbà táwọn ẹlẹ́ṣin fọ́n ká tán ni ọ̀tá wá gun òkè lọ bá àwọn alágbàṣe, wọ́n pa wọ́n bí ẹni pa ẹran.

Ọjọ́ kejì ni Timágórà wọlé, aṣọ wé apá rẹ̀, ẹṣin Wísítánà ló gùn. Amásítírì rí ẹṣin náà kó tó rí ẹni tó wà lórí rẹ̀. Igbe tó ké, gbogbo Séléyà ló gbọ́.

Timágórà gbé apó ọfà ọmọ náà lé bàbá rẹ̀ lọ́wọ́. "Ẹṣin rẹ̀ ló gbé e gun òkè wá bá mi, ọwọ́ mi ló kú sí," ó ní. "Kò pẹ́. Ó bi mí ní ohun kan ṣoṣo. Ó ní, 'Ṣé bàbá mi béèrè?' Mo ní, 'Ó béèrè. Àwọn ni wọ́n kọ̀.' Ó ní, 'Mo mọ̀ pé bàbá mi á béèrè.' Ó tún rẹ́rìn-ín."

Bagádátà ya ẹnu. Kí ọ̀rọ̀ tó jáde, Amásítírì ti dì mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Bàbá, ẹ ṣeun!" ó ń sunkún. "Ẹ gbìyànjú fún un! Ẹ ṣeun, bàbá mi!"

Ó pa ẹnu rẹ̀ dé.

Nígbà tó sin Timágórà dé ẹnu odi, ó dì í láṣọ mú. "Kí ló dé tóo fi purọ́ fún ọmọ mi?"

"Ẹ̀yin ará Páṣíà lẹ máa ń sọ pé òpùrọ́ ni gbogbo Gíríìkì." Timágórà ò bínú, ó ti rẹ̀ ẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. "Ọmọ náà ń kú lọ, Bàbá. Ṣé kí n fi òtítọ́ yín sìn ín dé ọ̀run ni?" Ó gun ẹṣin, ó lọ. A ò gbúròó rẹ̀ mọ́.

Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ ni ọ̀tá wọ Séléyà. Wọn ò jó nǹkan kan. Ọkùnrin tó ń bójú tó oúnjẹ ogun wọn wá sílé Bagádátà pẹ̀lú ògbufọ̀, ó ṣí àká mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó fọwọ́ bu ọkà, ó gbóòórùn rẹ̀, inú rẹ̀ dùn bí ìyàwó tuntun.

"Ó ní kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ yín, Bàbá," ògbufọ̀ wí. "Ó ní ìwọ̀nba ọjọ́ díẹ̀ ló kù kí àwọn máa pa ẹṣin jẹ. Ó tún ní ọba àwọn ti pàṣẹ pé kẹ́nikẹ́ni má fọwọ́ kan igi yín, nítorí ọgbà náà rẹwà."

Ọjọ́ márùn-ún gbáko ni wọ́n fi kó ọkà. Bagádátà jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo bí oúnjẹ tó gbìn ṣe ń bá ẹni tó pa ọmọ rẹ̀ lọ. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ó wù ú kó kígbe pé ẹ jó o, ẹ jó gbogbo rẹ̀! Ẹnu tí kò ṣí lọ́jọ́ tó yẹ, ta ló máa ṣí i fún un nísinsìnyí?

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà ni Amásítírì bímọ. Ọmọkùnrin ni, wọ́n sọ ọ́ ní Wísítánà bíi bàbá rẹ̀. Gbogbo ibi tí obìnrin náà bá dé, létí kànga, nídìí ààrò, ọ̀rọ̀ kan náà ló ń sọ: "Bàbá ọkọ mi nìkan ló béèrè. Àwọn olóyè ni wọ́n kọ̀." Kò pẹ́ tí ìlú fi ń kí Bagádátà ní Ẹni-Tó-Béèrè. Wọ́n á kọjá, wọ́n á tẹrí ba. "Ẹni-Tó-Béèrè, ẹ kú àárọ̀ o!" Orúkọ náà ń gún un létí bí ẹ̀gún, ó sì ń jẹ́ ẹ. Ìtìjú rẹ̀ kì í jẹ́ kó gbé ojú sókè, àwọn èèyàn wá ń sọ pé ẹ wo bó ṣe nírẹ̀lẹ̀.

Nínú gbogbo àwọn tó wà ní gbọ̀ngàn lọ́jọ́ yẹn, Kákíṣì nìkan ló kù ní Séléyà tó mọ̀. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó kàn ń gbé àwo omi wá láràárọ̀ ni, bí ọ̀gá rẹ̀ bá sì bọ́jú tán, á dúró díẹ̀ níwájú rẹ̀ kó tó lọ. Lójoojúmọ́ ló ń dúró bẹ́ẹ̀.

Ọgbà náà ń so. Lọ́dún yẹn, igi Wísítánà so débi tí ẹ̀ka rẹ̀ tẹ̀ dé ilẹ̀. Wọ́n gbé èso rẹ̀ wá fún Bagádátà, kò lè fi kan ẹnu.

Ìròyìn sì ń dé. Ìlú etíkun kan ṣílẹ̀kùn fún ọ̀tá, òmíràn tún ṣí i, nítorí owó òde ti sú wọn. Wọ́n ní ọ̀tá wọ Ṣúṣánì, wọ́n bá wúrà nínú ìkòkò bí wọ́n ṣe dé e, ìkòkò lórí ìkòkò, ẹnikẹ́ni ò ná an. Wọ́n fi wúrà Ọba gba ọmọ ogun láti máa lé Ọba kiri. Nígbà tó yá, wọ́n ní ilé Ọba gan-an ti jóná, àjà rẹ̀, òpó rẹ̀, gbogbo rẹ̀. Àwọn èèyàn tirẹ̀ ló sì pa Ọba Àwọn Ọba níkẹyìn, lójú ọ̀nà, bí ẹni tí kò nílé.

Ọjọ́ tí Bagádátà gbọ́ pé ilé Ọba jóná, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún. A kọ̀ láti jó àká, ilé Ọba ló wá jó. Ó mọ̀ pé ẹ̀bi ọ̀pọ̀ èèyàn ló para pọ̀ wó ìjọba náà: ẹni tó dé wúrà pa, ẹni tó kó ẹṣin sí ẹrẹ̀, ẹni tí ò gbọ́ ọ̀rọ̀ àlejò. Ó mọ̀. Àmọ́ tiẹ̀ ò sí lórí wọn, orí tiẹ̀ ló wà.

Ọmọkùnrin tó bá pé ọdún márùn-ún lọ́dọ̀ wa, á kúrò lọ́wọ́ ìyá, á lọ sọ́dọ̀ bàbá láti kọ́ nǹkan mẹ́ta yẹn. Ọmọ yìí ò ní bàbá. Láàárọ̀ ọjọ́ tó pé, Amásítírì wẹ̀ ẹ́, ó wọ ṣòkòtò tuntun fún un, ó fà á lọ́wọ́ wá bá bàbá ọkọ rẹ̀ nínú ọgbà.

"Bàbá, ọmọ yín rèé," ó ní. "Ẹ kọ́ ọ lẹ́ṣin. Ẹ kọ́ ọ lọ́fà. Òtítọ́, mi ò ní bẹ̀ yín lórí ìyẹn, ta ló tún mọ̀ ọ́n jù yín lọ? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ béèrè."

Ọmọ náà gbójú sókè, ó ń wò ó. Ojú Wísítánà ni.

Bagádátà ní kí Kákíṣì gbé omi wá. Ó tún ojú rẹ̀ bọ́, lẹ́ẹ̀kejì láàárọ̀ ọjọ́ náà. Kákíṣì dúró. Bagádátà dìde lórí orúnkún tó ń dùn ún, ó na ara rẹ̀ ró ṣánṣán, bí onílé ṣe máa ń ṣe.

"Lánàá, pẹ̀lú ọtí lójú," ó bẹ̀rẹ̀, "wọ́n ní kí wọ́n má jó àká mi." Ó yíjú sí Amásítírì. "Ìyàwó mi, jókòó. Mi ò béèrè."

"Ẹ ní kí ni, Bàbá?"

"Ajẹ́lẹ̀ bi mí pé ṣé ó ku nǹkan kan. Mo ní búrẹ́dì ti jinná. Gíríìkì yẹn ló purọ́ fún ọkọ rẹ kó lè kú pẹ̀lú ẹ̀rín. Nítorí ọgbà yìí ni. Nítorí àwọn igi yìí. Èmi ni mo jẹ́ kó lọ."

Amásítírì wo Kákíṣì. Ọkùnrin náà tẹ orí ba lórí àwo omi rẹ̀. Obìnrin náà jókòó, ó ń wo igi pómégíránétì yẹn.

"Gbogbo ọdún márùn-ún yìí," ó ní, "tí mò ń kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Ṣé ẹ purọ́ fún mi ni?"

"Mi ò purọ́ fún ọ rí."

"Òótọ́ ni." Ó dìde, ó gbọn eruku aṣọ rẹ̀. "Ẹ ò purọ́."

Ó mú ọwọ́ ọmọ rẹ̀, ó fi í sínú ọwọ́ bàbá àgbà náà.

"Ẹ kọ́ ọ lẹ́ṣin," ó ní. "Ẹ kọ́ ọ lọ́fà, bójú yín bá ṣì gbé e. Ẹ̀kẹta yẹn, èmi ni màá kọ́ ọ fúnra mi."

Ó yí padà, ó gba ẹ̀gbẹ́ ojú omi lọ sílé. Ọmọ náà wò ó lọ díẹ̀, ó wá fa ọwọ́ Bagádátà.

"Bàbá àgbà, ẹṣin wo la máa gùn?"